Ọ̀rọ̀ Ìjókòó Kẹtàdínlógún

Ìyá Téèpù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó nínú yàrá kékeré lẹ́yìn gbọ̀ngàn Ilé Aṣòfin Àgbà, tó ń fetí sí téèpù, tó ń kọ ohun tí Sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan bá sọ sílẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ títẹ̀wé lásán ni. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ etí ni: kì í rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ìjókòó tó bá tàn lára ẹ̀rọ ló ń wò, orúkọ ẹni tó ni ìjókòó náà ló sì ń kọ.

Ó ku oṣù márùn-ún kó fẹ̀yìn tì nígbà tí ìwé ìròyìn kan ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀, tó sì gbé e jáde pé Sẹ́nétọ̀ tó ni ìjókòó kẹtàdínlógún kò tíì la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan láti ọdún mẹ́ta tó ti débẹ̀. Sẹ́nétọ̀ já wọ ọ́fíìsì ọ̀gá Ìyá Téèpù, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń la ògiri kọjá.

"Mo sọ̀rọ̀! Lọ́jọ́ òjò ńlá yẹn! Ẹni tó pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́, ilé ló ń lọ lónìí!"

Àyà Ìyá Téèpù já. Ó fa ìwé ọjọ́ náà yọ. Lábẹ́ kẹtàdínlógún, òfìfo. Lábẹ́ kejìdínlógún, ìlà kan péré. Ó wo ìwé ìwọlé tí àwọn Sẹ́nétọ̀ máa ń buwọ́ lù bí wọ́n bá dé: ẹni tó ni ìjókòó kejìdínlógún kò wá lọ́jọ́ náà rárá. Sẹ́nétọ̀ ti ṣí sórí ìjókòó ẹnìkejì, òun sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ṣíṣí ìwé ìwọlé kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò ṣí i lọ́jọ́ náà. Bó sì ti tún ìlà náà kà, ẹ̀rù kejì gun ti àkọ́kọ́ lórí.

Ó lè dá ìwé náà padà sáyè rẹ̀, kó panu mọ́. Ta ni yóò mọ̀? Síbẹ̀, ó gbé ìwé àti téèpù ọjọ́ náà wọlé tọ̀ wọ́n.

"Àṣìṣe mi ni, sà. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yín fún ẹlòmíì."

"Ẹ ò rí i!" Sẹ́nétọ̀ lu tábìlì. "Ọ̀gá, ẹ tẹ téèpù yẹn, ká jọ gbọ́!"

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́. Ohùn Sẹ́nétọ̀ jáde ketekete: "Ẹ jọ̀wọ́, omi ń kán sí mi lọ́rùn níbi ìjókòó mi. Ṣé kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì nílé yìí ni?"

Ó tán síbẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ikọ́ lára rẹ̀.

Ohùn Sẹ́nétọ̀ rọ̀. "Màmá, ẹ má yọra yín lẹ́nu. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ti dárí jì yín."

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Ìyá Téèpù wo ìlẹ̀kùn, ó wo ìwé.

"Kò ṣeé fi sílẹ̀, sà. Ẹni tí mo kọ ọ́ fún ò sí níbí lọ́jọ́ náà."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ìjókòó kẹtàdínlógún."

Wọ́n máa ń sọ pé ó láyà lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rù bà á débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tún orúkọ náà kọ, kó sì buwọ́ lù ú. Fún oṣù márùn-ún tó kù, bí ìlẹ̀kùn bá ti dún, á ki báàgì rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa retí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò pè é.