Ọjọ́ tí Ìyá Mi Wọ Sinimá

Òórùn kókó, ẹ̀kọ jéró gbígbóná tí wọ́n fi atalẹ̀ sí, ló máa ń jí wa ní Sabon Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Accra, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òórùn páúdà ìyá mi ló jí mi. Ó ti kùn ún funfun dé ọrùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira nígbà náà. Àwọn oníṣẹ́ ìjọba ń ya fíìmù bí àwọn ará Accra ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ní àwọn máa ya ìyá mi nídìí abọ́ tánganran tó ń tà níwájú ilé wa.

Ọmọ Ga kan, ọmọ onílùú Accra, tó ń jẹ́ Tetteh ló wà nídìí kámẹ́rà. Hausa ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, Alata ló sì ń pe àwa Yorùbá. Bó ṣe rí ìyá mi nínú léèsì Iléyá, ńṣe ló dọwọ́ borí.

"Maame Alata, aṣọ iṣẹ́ la fẹ́ o."

"Kí gbogbo ayé wá rí mi nínú àkísà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Tetteh bá fi í sílẹ̀. Ó ní kí èmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ru abọ́ mẹ́ta kọjá, kí n má sì wo kámẹ́rà. Mo kọjá, mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un ṣe. Ìyá mi sì máa ń sọ pé, "Ọmọ tó rí àgbà tí kò kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú." Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kejì, mo kúnlẹ̀ kí kámẹ́rà. Abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí gbirigbiri wọ gọ́tà, àgbò aládùúgbò wa sì sá tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi ní tirẹ̀ dúró gbagidi bí òpó, ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà, kò ṣẹ́jú, torí ohun tó mọ̀ nípa fọ́tò ni pé ẹni tó bá mira ti bà á jẹ́.

Tetteh jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Fíìmù tó kù ò ju ìṣẹ́jú kan lọ," ló wí. Ó ní àwọn á kúkú lọ ya alágbàdo tó wà lódìkejì títì. Inú mi bàjẹ́, torí mo ti sọ fún gbogbo ọmọ ilé-kéwú pé a máa wọ sinimá. Mo yọ́ lọ bá a, mo sọ sí i létí pé, "Ẹ ní kí dírẹ́bà yín wá ná abọ́ ńlá yẹn ní tọ́rọ́."

Dírẹ́bà ná an ní tọ́rọ́.

"Tọ́rọ́ kẹ̀! Abọ́ tó rí bí òṣùpá yìí? Ṣé ìyá rẹ ló bá mi rù ú wá ni?" Ìyá mi fò mọ́ ọn, gèlè tú sí èjìká, ó ń lu abọ́ kan mọ́ èkejì kí ọkùnrin náà lè gbọ́ bó ṣe le tó. Kámẹ́rà ń dún kẹrẹrẹ, ìyá mi ò tilẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ sinimá ìjọba wá fi fíìmù náà hàn ní pápá, ẹ̀rín pa gbogbo Zongo débi pé àwọn kan wó sílẹ̀. Ìyá mi ti mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ wọn; ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, èrò kún iwájú ilé wa, wọ́n ń ná abọ́ ní tọ́rọ́ kó lè bú wọn. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á rà á.

Iṣẹ́ kámẹ́rà yẹn náà ni mo padà wá ń ṣe jẹun. Mo ti ya àwọn apẹja létí òkun, mo sì ti ya àwọn òṣèré tó ń fi omi àlùbọ́sà sunkún. Bí mo bá rí ẹnu tó là bíi ti ìyá mi lọ́jọ́ náà nínú kámẹ́rà mi, mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè bóyá kí n yà á. Ẹnu náà á sì pa dé. Àwòrán gidi tí mo ti pàdánù báyẹn ò lóǹkà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ọjọ́sí ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ká sì sọ tòótọ́, ó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Ṣùgbọ́n èmi, bí mo bá padà sílé ẹni tí mo yà, kò sẹ́ni tó ń bá mi yan odì; wọ́n máa ń bu oúnjẹ fún mi.