Koríko Tútù Inú Yàrá Akọ̀wé

Ọdún kejì lẹ́yìn èyí tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé nítorí àrùn, tí a ń fi aṣọ bo imú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni onílé wa ní Karu fi bíríkì tẹ́ gbogbo àgbàlá. Ó ní òun ò fẹ́ rí ìgbẹ́ ẹran mọ́. Àgùntàn kan ṣoṣo ló kù mí kù nígbà náà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń retí oyún lára rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ni. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi ní Lokogoma.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ, ọmọ kékeré tí ikun ń yọ nímú ni. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo bá a nílé, ọkọ mi ni, n kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo ń pè é ní Akọ̀wé. Ó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba títí irun rẹ̀ fi funfun, ó fẹ̀yìn tì, ó ra àgbò mẹ́fà, ó sì sọ ara rẹ̀ di àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀! Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, má dín in kù.

Ìparí òjò ni. Koríko tí wọ́n gé fún un láti tọ́jú de ẹ̀ẹ̀rùn dára, wọ́n gé e kó tó yọ òdòdó, ewé rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ kan péré ló fi sá a. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n dì í, kí wọ́n kó o sí yàrá tí kò ní fèrèsé, lórí sìmẹ́ǹtì lásán. Ó fi ọ̀rá tapólì wé e yí ká bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ dákun, koríko yìí ò tíì gbẹ. Ẹ fọwọ́ lọ́ ọ wò, kò dún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, àwọ̀ ewé yẹn ni fítámì. Tí mo bá sá a títí tó fi funfun, kí ló kù níbẹ̀? Mo ti wò ó lórí fóònù."

Ìdajì òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Oòrùn àpọ̀jù máa ń fa agbára koríko jáde. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá la ti ń sá a parí, títí igi rẹ̀ á fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́, ká tó wá kó o sórí pákó kí ilẹ̀ má baà rin ín. Ní ilé bàbá mi, ọmọdé mọ èyí.

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú tú u ká."

"Tú kí ni? Ìyàwó, ìwọ tí o ò lè ka ABD, o fẹ́ kọ́ mi ní sáyẹ́ǹsì?"

Ọkọ ni. Èmi tí mo fọ ìdọ̀tí etí rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ má bínú", mo padà sí Karu.

Nígbà tí mo tún débẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan àti ààbọ̀, ikùn àgùntàn mi tóbi, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ síta. Mo ní kí Akọ̀wé ṣí yàrá koríko. Koríko tí wọ́n tọ́jú dáadáa máa ń ta sánsán bí ewé tíì. Èyí ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mo ti apá bọ àárín ìdì kan títí dé ìgúnpá, ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Èyí tí mo fà jáde dúdú bíi tábà, ó ti bu, eruku funfun sì bò mí lójú.

"Akọ̀wé, kí lẹ ń fún ẹran jẹ?"

"Ṣebí ó ń jẹ ẹ́! Ṣebí ó ń yó!"

"Tí ebi bá pa á, á jẹ páálí, á sì yó."

Síbẹ̀ mo tún fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo padà sí Karu. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí oyún náà fi wálẹ̀. Ọmọ méjì, wọn ò tíì ní irun lára. Akọ̀wé pè mí: "Ìyàwó, àgùntàn rẹ ò lágbára tẹ́lẹ̀." Ó tún rí ẹnu sọ bẹ́ẹ̀! Mo lọ mú ẹran mi. Kò tún lóyún mọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí mo pe àwọn ọmọ mi jọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n rò pé mo fẹ́ bú àbúrò bàbá wọn. Mo bú u díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ fún wọn pé èmi náà jẹ̀bi, torí mo mọ̀ pé koríko yẹn máa bàjẹ́, mo sì fi ẹran mi sílẹ̀ fún un. Mo ní kí àwọn obìnrin inú wọn gbọ́ dáadáa: ẹ kúnlẹ̀ kí àwọn ará ilé ọkọ yín, ẹ pè wọ́n ní orúkọ tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣe máa pa ẹran yín, ẹ dìde, ẹ mú ẹran yín, kí ẹ máa lọ.