Garawa Mọ́kànlélógójì

Tíṣà ìṣirò mẹ́ta ló ti wá sí ilé-ìwé wa ní Gárkì, tí wọ́n sì padà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn a wo yàrá tíṣà tí kò ní fáànù, wọn a béèrè owó oṣù, wọn a gbé báàgì wọn. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni mo máa ń gba kọ́kọ́rọ́ padà. Ìdánwò àṣekágbá sì ti dé tán, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún kò ní ẹni tí yóò kọ́ wọn.

Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù tíṣà, tí wọ́n sì fún wa ní fáànù àti bẹ́ẹ̀dì tuntun, a gbọ́ pé ìyá kan tó jẹ́ tíṣà ìṣirò ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa jó nínú ọ́fíìsì. Omi ẹ̀rọ nìkan ló kù tó ń yọ wá lẹ́nu.

Ọ̀gá ní, "Ẹ jẹ́ kó yọ fún un lónìí ná. Tó bá ti sùn níbẹ̀, ó parí."

Ni tíṣà, alásè àti mégáàdì bá to ara wọn sórí àkàbà láàárọ̀, wọ́n ń da omi sínú dúrọ́ọ̀mù orí òrùlé. Mégáàdì ń pariwo, "Kai! Omi ti wọ̀ mí létí!" A rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi ń mì.

Ìyá náà dé, ó ṣí ẹ̀rọ, omi tú jáde ṣàà.

"Àbúrò, ṣé ojoojúmọ́ ló ń yọ báyìí?"

Ọ̀gá ti kọ́ mi ní èsì. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Rárá, mà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni, láti aago márùn-ún àárọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀. Èyí tí ẹ ń wò yìí, àwa la pọn ọ́n. Garawa mọ́kànlélógójì."

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni, mà."

Ó wò mí, ó wo òkè, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Ẹ̀rín náà ràn mí.

"Níbi tí mo ti ń bọ̀, wọ́n ní ojoojúmọ́ ni. Ọdún mẹ́rin, n ò rí ẹ̀kán omi kan! Owó oṣù ńkọ́? Sọ òótọ́ o."

"Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, mà. Oṣù tó kọjá, ó fi ọjọ́ mẹ́fà pẹ́."

"Ọjọ́ mẹ́fà péré!" Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Ọ̀gá ń dúró níta. Mo jáde tọ̀ ọ́, mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹ̀rín kò jẹ́. Ọ̀gá káwọ́ lérí. "Akọ̀wé, o ti lé e lọ!"

Ìyá náà yọrí lójú fèrèsé. "Ọ̀gá, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ibo ni wọ́n bá ìṣirò dé?"

Ọ̀gá sáré lọ lu agogo kíláàsì fúnra rẹ̀. Kò tíì tó àkókò. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló kù.