Ọ̀rọ̀ Tó Kù Lẹ́nu Màmá

Ohùn Màmá ti rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ṣíbí sún mọ́ wọn dá ṣáká létí mi. "Ilé," ni wọ́n wí. Ẹnu yà mí. Ìran Íńdíà ni Màmá, Màléṣíà ni a sì bí wọn sí. Ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé ní Oxon Hill, ní Amẹ́ríkà níbí, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn dùbúlẹ̀, èmi ni ọmọ náà sì gbà láti máa wẹ̀ fún wọn, kí n máa fún wọn lóúnjẹ. Níbo ni wọ́n ti gbọ́ Yorùbá?

Ọmọ ọmọ wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Upper Marlboro, ṣàlàyé fún mi pé èdè mẹ́ta ni Màmá ń sọ tẹ́lẹ̀: Málè lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì níléèwé tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà, Támílì nínú ilé. Amẹ́ríkà ni a bí òun sí ní tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́. Àìsàn yìí wá kó Málè àti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ògbufọ̀ tí ilé ìwòsàn fún wa lórí fóònù, Híńdì ló ń sọ, àfi bíi pé gbogbo ará Íńdíà ló gbọ́ ọ. Màmá kàn ń wo fóònù náà ni.

Èmi ní tèmi ti yanjú ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ní "ilé, ilé," èmi náà á ní, "Ẹ má wọ́rì, Màmá, ẹ máa lọ sílé. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ lè lókun." Wọ́n á yíjú sí ògiri. Mo tiẹ̀ ń yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyá kan náà ló bí Yorùbá àti àwọn ará Íńdíà. Ẹ ò rí ọ̀mọ̀wé! Nígbà tí mo sọ fún ọmọ ọmọ wọn pé ilé ni Màmá fẹ́ lọ, ó sunkún, ó ní ilé Màléṣíà ti di títà tipẹ́.

Màmá ń rù sí i. Dókítà ní tí wọn ò bá jẹun, àfi ká ki tọ́ọ̀bù sí wọn níkùn, kí oúnjẹ máa gba ibẹ̀ wọlé. Ọmọ ọmọ wọn ló máa buwọ́ lù ú.

Ó ní, "Anti, tí n bá ṣe é, tó wá jẹ́ pé wọn ò fẹ́ ńkọ́?"



Mo gba Langley Park lọ, sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta èlò ọbẹ̀ àwọn ará Íńdíà, bóyá n ó rí ohun tó máa wu Màmá jẹ. Ọkùnrin tó ni ìsọ̀ ní Támílì ni èdè ìyá òun. Inú mi dùn, mo ní, "Ẹ̀yin náà ń pe ilé ní ilé bíi tiwa, àbí?" Kò yé e. Mo bá sọ ọ́ bí Màmá ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní, "Madam, kì í ṣe ilé o. Lédè wa, 'rárá' ni ọ̀rọ̀ yẹn."

Gbogbo rárá tí wọ́n ti ń sọ látọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Mo bẹ ọkùnrin náà kó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nírọ̀lẹ́, ó sì gbà. Bí Màmá ṣe gbọ́ Támílì, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ wọn ti dàrú, rárá yẹn nìkan lòun gbọ́ yé. Ó bi wọ́n ṣé ká ki tọ́ọ̀bù náà. Rárá. Ó bi wọ́n ṣé wọ́n fẹ́ kí ebi pa àwọn kú ni. Rárá. Ọmọ ọmọ wọn, tó dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ ọmọ wọn buwọ́ lù ú. Nígbà tí àwọn tó wa áńbúláǹsì dé láàárọ̀, tí wọ́n gbé Màmá sórí ibùsùn onítáyà, Màmá wò wá, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà di ọwọ́ wọn mú, ó ń sọ pé, "Sọ́rì, Grandma, sọ́rì."

Màmá lo oṣù díẹ̀ sí i láyé. Bí mo bá sọ ìtàn yìí, àwọn èèyàn máa ń káàánú pé, ká ní ẹ tètè gbọ́ èdè wọn ni. Mi ò kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màmá ní rárá, ó yé wa, a sì jẹ́ kí wọ́n gbé wọn lọ.