Kannakánná Ìyá Kinuyo

Lábúlé wa ní Hokkaido, bí o bá dárúkọ Kinuyo Hatakeda, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jókòó sójú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, tó ń kọ gbogbo àkókó tó bá wá sẹ́bàá ilé sínú ìwé. Ó mọ èyí tí ìdí rẹ̀ pupa, ó mọ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó mọ kékeré tí kò ju ológoṣẹ́ lọ. Kumagera nìkan ni kò tíì rí, àkókó dúdú ńlá tó dé fìlà pupa. Lọ́jọ́ kan tí yìnyín bolẹ̀, ó figbe ta, ó pe gbogbo àdúgbò jáde pé òun ti rí i. A sáré débẹ̀. Kannakánná ni. Bàbá Tomezo, ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rín in, n kò ní purọ́. Láti ọjọ́ náà, bí kannakánná bá ti ké, ẹnìkan á ní, "Ìyá, ẹ mú ìwé yín wá o!"

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, rédíò ní ìjì ńlá ń bọ̀ lọ́la, ní ìdájí. Bàbá Tomezo ti já bọ́ látorí ọkọ̀ ànàmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n dì í ní ọsibítù. Yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ló dùbúlẹ̀ sí, lábẹ́ igi todo ńlá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó ń ṣán oko. Igi náà ga ju òrùlé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Mo gbé àgbàdo sísè lọ fún wọn lọ́sàn-án. Mo bá Ìyá Kinuyo lágbàlá, ó dúró gbọn-in.

"Fusae, ṣé o gbọ́ ọ? Koro-koro-koro. Bí kumagera ṣe máa ń ké tó bá ń fò nìyẹn."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìjì ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí kannakánná sinmi lónìí."

Kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò bá ẹ ṣeré. Ẹyẹ yẹn kì í wá sídìí igi tútù lásán. Èèrà ló ń wá. Tí èèrà bá wà nínú igi, inú igi ti jẹrà nìyẹn." Ó na ọwọ́ sí fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. "Ibo lo rò pó máa wó sí?"

Mo wo igi náà, mo wo fèrèsé.

Kasai tó ń gégi ń kọjá lọ pẹ̀lú ayùn rẹ̀, a pè é. Ó gbójú sókè fìrí. "Ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀! Igi yìí á sin gbogbo wa. Àbí kannakánná ló tún sọ fún yín?" Ó bá tiẹ̀ lọ. Ó ṣe mí bíi kí n sọ àgbàdo lù ú.

A wọlé tọ Bàbá lọ. Olórí kunkun ni, ogójì ọdún tó fi gégi nínú igbó kó tó di àgbẹ̀ ló sì tún dá kún un.

"Bàbá mi ló fi igi yìí sílẹ̀. Mi ò ní torí kannakánná sá fún un."

"Bàbá, igi tó máa gúnni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ ká lọ sùn nílé Fusae."

"Mo ní mi ò lọ! Ìyá, gbé tíì wá."

Obìnrin méjì kò lè gbé ọkùnrin tí kò fẹ́ ká gbé òun. Ìyá Kinuyo jáde. Òjò ti ń kán. Ẹ̀yìn igi náà ló lọ, níbi tí wọ́n to igi ìdáná òtútù sí, tó ga jù wá lọ, tí àlàfo tóóró kan sì wà láàárín òun àti ìdí igi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìtì igi sílẹ̀.

"Kí lẹ ń wá, Ìyá?"

"Ojú ihò. Róbótó làwọn àkókó tó kù máa ń gbẹ́. Tiẹ̀ gùn. Àwọn Ainu tó nilẹ̀ yìí ṣáájú wa, ẹyẹ tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń pè é."

A jọ ń fà á. Ọwọ́ wa bó, atẹ́gùn ń le sí i, igi náà sì ń ké lókè orí wa. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ sá. Ìgbà tó yá, ìtì kan yẹ̀, a sì rí i: ihò mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó apá ọmọdé, wọ́n rí gẹ́lẹ́ bí ọkọ̀. Èérún igi kún ilẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó wọlé dé ìgúnpá. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìgbẹ́ ẹyẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì sáré.

Ó wọlé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà; n kò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

"Ìyá! Bàtà!" ni Bàbá kígbe.

Ó rún ìgbẹ́ náà níwájú rẹ̀. Orí èèrà àti ẹsẹ̀ èèrà ni gbogbo rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Bàbá tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ihò mélòó?"

"Mẹ́ta. Apá Fusae wọ̀ ọ́ dé ìgúnpá."

Ó na ọwọ́ sí mi lọ́rùn. "Ẹ gbé mi."

Ní ìdájí, láti ilé mi, a gbọ́ ìró kan tó mi ilẹ̀. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, gbogbo àdúgbò péjọ. Igi náà ti kán nídìí, ó wó lu yàrá ẹ̀yìn, orí ìrọ̀rí Bàbá gan-an ló sùn lé. Inú rẹ̀ ṣófo, èèrà dúdú ń tú jáde. Ilẹ̀ ni Kasai ń wò.

Nígbà náà la gbọ́ ọ: koro-koro-koro. Ẹyẹ náà bà sórí kùkùté, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wa, ó dúdú láti orí dé ìrù, fìlà pupa lórí.

Bàbá fi ọ̀pá ti Ìyá Kinuyo, ó rọra sọ̀rọ̀. "Ìyá, òun rèé. Wò ó."

Ìyá Kinuyo kò gbójú sókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di apá aṣọ ọkọ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ wà lára ìrọ̀rí tó wà lábẹ́ igi.

"Mo ti gbọ́ ọ," ló wí.