Orin Tí Mo Dáná Sun

Jọ́gíráfì ni ọkọ mi fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Adó-Èkìtì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá kí i lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ òkè tàbí odò lẹ́nu rẹ̀. Orin arò tí wọ́n ń pè ní búlùùsì ni ẹ máa gbọ́.

Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní sẹ́kọ́ńdírì, òyìnbó kan tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fi páálí àwo orin kan sílẹ̀ fún un. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ gbogbo orin inú rẹ̀, àwọn onírun gígùn tó ń fi jìtá oníná ké bí ẹni tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó tó ọdún mẹ́ta tó ti ń gbọ́ wọn kó tó ṣàkíyèsí pé lábẹ́ àkọlé àwọn orin kan, wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ orúkọ àwọn ẹlòmíràn tí kì í ṣe àwọn tó ń kọrin. Ó wádìí wọn. Àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n, àwọn tó ń ṣa òwú lóko, àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo tiwọn náà kiri. Nígbà tí ó fi máa fẹ́ mi, àwo náà ti kún ògiri kan.

Èmi ò fẹ́ràn orin náà. Bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí bó bá ń gbọ́ ọ ni mo fẹ́ràn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí tó ń bá a gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ kan láti Ìjàn-Èkìtì ni, ó gbé iṣu wá fún wa ní Sátidé kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ẹrù lórí, ó ń tẹ́tí.

“Tíṣà, ta ló kú?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. “Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá jókòó.”

Ó jókòó títí oòrùn fi rọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Sátidé kan kì í kọjá kí ó má gun ọ̀kadà wá láti Ìjàn. Bàbá Ìjàn ni mo ń pè é. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọkọ mi a máa túmọ̀ orin kọ̀ọ̀kan fún un ní èdè Èkìtì.

“Kí ló ń wí, Tíṣà?”

“Ó ní omi gbé ulé òun lọ. Òun jókòó sórí òkè, òun ń wo òrùlé òun bó ṣe ń bá omi lọ.”

Bàbá Ìjàn a mi orí. “Ó mọ̀ ọ́n wí.”

Àwọn àgbà Amẹ́ríkà yẹn ni Bàbá Ìjàn fẹ́ràn jù, àwọn tó ń kọrin pẹ̀lú jìtá kan péré. Ó ní àwọn òyìnbó ń pariwo jù, pé ìyà ò tíì jẹ wọ́n tó. Ọkọ mi a ní, “Ìyà kì í wo àwọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà yìí, mi ò lè ta wọ́n nù.” Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí, inú àwọn méjèèjì sì máa ń dùn sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọdún kejì tí ọkọ mi fẹ̀yìntì, ó ń wọ bàtà lọ́wọ́ ló ṣubú. Rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí a fi máa kúrò ní ọsibítù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́nu rẹ̀: “Bẹ́ẹ̀ ni.” Bí ebi ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni. Bí inú ń bí i, bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá bi í pé, “Dádì, kí ni orúkọ mi?” á wò mí lójú, á ní bẹ́ẹ̀ ni, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ sọ nìyẹn.

Sátidé àkọ́kọ́ tí a padà délé, Bàbá Ìjàn dé. Kò mọ ohun tó lè sọ, ló bá lọ fi àwo kan sórí ẹ̀rọ. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sá aṣọ. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi. Mo sáré wọlé. Ó ń bá àwo náà kọrin, ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ò dí i lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Dádì, ẹ pè mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí!”

Orin náà tán. “Bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí.

Mo sọ ọ́ fún màmá tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà wa. Ọkọ mi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tèmi. Èyí tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un láti kékeré ni kò fi sílẹ̀, èmi ni mo ti bá àwọn tó ń gbàdúrà alágbára lọ.

“Kò lè pe Jésù,” màmá náà ní. “Kò lè pè yín. Orin ẹkún àwọn òkú ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ta ni ẹ rò pé ó ń kọ orin yẹn?”

Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ní gbogbo oṣù náà, èmi ni mò ń yí i sí ọ̀tún sí òsì, èmi ni mò ń nù ú, tí mò ń fọ aṣọ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn mi ti fẹ́ẹ̀ kán. Tó bá di Sátidé, ẹlòmíràn á wá fi àwo sórí ẹ̀rọ, ọkọ mi á sì jí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Kí n má parọ́, kì í ṣe ẹ̀rù ẹ̀mí búburú nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mò ń jowú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nínú ọyẹ́, mo kó gbogbo àwo náà lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo rọ kẹrosíìnì sí wọn nínú àgbá, mo ṣáná sí i. Mo rò pé wọ́n máa jó bíi pépà. Páálí wọn jó lóòótọ́, àmọ́ àwọn àwo fúnra wọn ká wọrọkọ, wọ́n ń yọ́, wọ́n ń kán tó, tó, èéfín dúdú sì bo gbogbo àgbàlá. Fèrèsé yàrá rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Òórùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni!” ó ké. “Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!”

Mo gbọ́ ọ. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo dúró ti iná náà títí ó fi jó tán.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò sọ “bẹ́ẹ̀ ni” mọ́. Bí mo bá fi ṣíbí sí i lẹ́nu, á pa ẹnu dé.

Bàbá Ìjàn dé ní Sátidé. Ó wo ògiri tó ti ṣófo.

“Ìyàwó, àwọn àwo dà?”

“Mo sun wọ́n, sà.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Mo ń retí kó bú mi. Ó lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gba abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi, ó fún ọkọ mi mu, ọkọ mi sì mu ún. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Àwọn orin yẹn ni, ṣùgbọ́n ní èdè Èkìtì, bí ọkọ mi ṣe túmọ̀ wọn fún un. Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá. Ó kọ ti omi tó gbé ulé lọ, ó kọ ti ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ di ẹrù tó lọ. Ètè ọkọ mi ń mì. Ohùn ò jáde.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí.

“Mà, ṣé ó máa ń kọrin?”

“Kí nìdí tí ẹ fi bèèrè?”

“Ibi tí orin ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Ọ̀pọ̀ wọn lè kọrin bí wọn ò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Bí orin kan bá wà tó fẹ́ràn láti ìgbà ọ̀dọ́, ẹ máa lò ó fún un lójoojúmọ́. Ibẹ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ jáde.”

Mo ní mo dúpẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta títí wọ́n fi wá sọ fún mi pé ọkọ mi ti tọ̀ sára.

Mo gbìyànjú. Mo kọ orin ìyìn fún un, kò wò mí. Àbúrò mi bá mi wá àwọn orin náà sórí fóònù, mo gbé e sétí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbá a dànù. Bóyá ohùn fóònù náà kéré jù. Bóyá ọwọ́ tó gbé e wá ni kò fẹ́.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ló kú, ní ọ̀sán, tí mò ń ki ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Bàbá Ìjàn wá síbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ó sì lọ kí wọ́n tó bu erùpẹ̀. Kò padà wá mọ́. Nígbà tí mo sọ fún màmá ẹgbẹ́ àdúrà ohun tí obìnrin ọsibítù sọ, ó ní kí n má jẹ́ kí ọ̀tá fi ẹ̀dùn bá mi jà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo lọ sí Ìjàn. Wọ́n júwe oko rẹ̀ fún mi. Mo bá a níbi tó ti ń kọ ebè, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Ẹ dìde, Ìyàwó. Mi ò bá yín jà.”

“Ẹ dárí jì mí, sà.”

Ó fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. “Èmi kọ́ lẹ ṣe é sí. Ẹni tí ẹ ṣe é sí ò sí níbí. Mi ò lè bá a dá yín lóhùn.” Ó gbójú sókè. “Ṣé ó padà pè yín kó tó lọ?”

“Rárá.”

Ó mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tún ń kọ ebè. Mo dúró síbẹ̀, bóyá á tún sọ nǹkan míì. Ó kọ ọ̀kan tán, ó kọ òmíràn, ó ti ń jìnnà sí mi lọ. Mo nu ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún mi, mo lọ wá ọ̀kadà.