Okùn Tí Mo Fi Ọ̀bẹ Gé

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ayé wa dáwọ́ dúró. Láti ìgbà tí agogo kìíní ṣọ́ọ̀ṣì ti lù ni mo ti wà létí ọ̀sà, mò ń retí ọkọ̀ àwọn ará òdìkejì. Agogo kejì lù, ọkọ̀ kankan kò yọ. Nígbà tí ọ̀kan wá yọ, kò sí ẹni tó ń tù ú. Omi ló ń gbé e bọ̀. Mo wọ omi dé orúnkún, mo fa okùn rẹ̀ mọ́ra. Àbúrò mi, Jósẹ́fù, ló wà nínú rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí àwọ̀n. Àdá ni wọ́n fi ṣá a lọ́rùn. Eṣinṣin ti bá a débẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò bá ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ti rí tẹ́lẹ̀. N kò ní dárúkọ abúlé méjèèjì. Ẹni tó mọ̀, mọ̀. Ọ̀sà ló wà láàárín wa, ṣọ́ọ̀ṣì kan la sì jọ kọ́, lápá ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ mi nínú ìjọ ni kí n máa gba okùn ọkọ̀ àwọn ará òdìkejì lọ́jọ́ ìsìn, kí n so ó mọ́ kùkùté àgbọn, kí n sì fa àwọn ìyá àgbà lọ́wọ́ gòkè. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe é. Ẹ dì mí lójú, ẹ fi okùn lé mi lọ́wọ́, màá sọ ẹni tó ni ọkọ̀ fún yín. Wọ́n a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí mo bá dé ọ̀run, wọn ò ní fún mi ní háàpù, etí odò ìyè ni wọ́n máa ní kí n lọ dúró sí.

Akaja ló dá ìjà sílẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí a ń rì mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà kí ẹja lè máa sá pamọ́ sábẹ́ wọn. Ọkọ̀ tó ń fa yanrìn wá, ó gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, ó sì fa òpó tó jẹ́ ààlà akaja tiwa àti tiwọn dànù. Láti ìgbà náà, oníkálukú ló ń fi ojú inú rí ààlà. Ó ti orí èébú dé orí ẹ̀ṣẹ́. Jósẹ́fù ni ẹni àkọ́kọ́ tó kú.

Ọmọ mi kan ṣoṣo, Sẹ̀nàmì, wà lódìkejì nílé ọkọ. Máutín lorúkọ ọkọ rẹ̀. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ikú Jósẹ́fù, ó pè mí lórí fóònù pé òun ń lọ sí Mowo, kí òun lè wà nítòsí ọsibítù. Ìyẹn ni mo fi ọkàn lé. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi náà la sin Jósẹ́fù. Pásítọ̀ di ọwọ́ mi mú létí sàréè, nítorí àwọn ọkùnrin wa ti ń múra ẹ̀san, ó sì rí ohun tó wà lójú mi. Ó ní, "Bàbá Sẹ̀nàmì, ẹ má bá wọn lọ." Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo ní kó bá mi sọ fún Ọlọ́run pé kó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì Rẹ̀. Ibi tí mò ń lọ, n kò fẹ́ kó tẹ̀ lé mi.

Àárọ̀ Ọjọ́rú la lọ. Ọyẹ́ ń fẹ́, ìkùukùu bo ọ̀sà. A tó ogún ọkùnrin, pẹ̀lú ìbọn ọdẹ àti àdá. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Kòmándà ló ṣíwájú wa. Mo tó bí i lọ́mọ. Ó béèrè ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ sí dáadáa. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Bàbá Olókùn, iṣẹ́ yín rèé."

Ọkọ̀ mọ́kànlá ni wọ́n so mọ́ kùkùté létí omi tiwọn. Bí mo bá ní kí n tú kókó wọn, ìbá pẹ́, nítorí náà ọ̀bẹ ni mo fi gé okùn. Ọwọ́ mi mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo gé ti àwọn ìyá àgbà tí mo ti ń fà lọ́wọ́ gòkè, mo gé ti Máutín. Mo tì wọ́n sójú omi, ìkùukùu sì gbé wọn mì.

Ìgbà náà ni ìbọn dún. Àwọn tiwa ti iná bọ ilé tó wà lókè, imọ̀ àgbọn tí wọ́n fi ṣe òrùlé kì í sì pẹ́ jó. Àwọn èèyàn sáré wá sétí omi, wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ wọn wà níbẹ̀. Wọ́n dé, wọ́n dúró. Ìdúró yẹn ni n kò lè gbàgbé. Wọ́n wo kùkùté, wọ́n wo omi, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń ti àwọn tó wà níwájú. Ìbọn tún dún, wọ́n bọ́ sómi. Bàbá àgbà kan wọ omi dé àyà, ó gbé rédíò rẹ̀ sókè kó má baà tutù. Wọ́n yìn ín níbọn. Ọwọ́ tó gbé rédíò ló kẹ́yìn rì. Máutín ń fa ọmọdé kan jáde nínú ẹrẹ̀ nígbà tí ọta bá a lẹ́yìn. Ó ṣubú sínú ẹrẹ̀ náà.

Mo wá gbọ́ ohùn kan: "Bàbá mi."

Sẹ̀nàmì ni. Kò lọ sí Mowo. Láti ìgbà tí ìjà ti le, ọlọ́kadà kankan kò gbà láti gbé e. Kò jìnnà sí mi ju ibi tí apẹja lè ju àwọ̀n dé. Ó ń bọ̀, ó ti na ọwọ́ sí mi. Ó rí ọ̀bẹ. Ó wo kùkùté, ó tún wo ọ̀bẹ, ó wá wo ojú mi. Ó yí padà, ó fi ọwọ́ gbá ikùn mú, ó sá fún mi wọnú eèsún etí omi. Ìyá Máutín sá tẹ̀ lé e. Mo pè é títí. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ọta bà mí nítan, n kò mọ ẹni tó yìn ín. Àwọn tiwa wọ́ mi sínú ọkọ̀.

Nígbà tí sójà dé lọ́jọ́ kejì, mo sá gba Seme kọjá. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń tiro ru ẹrù níbodè. Ọjọ́ mìíràn, àgbọn kan ni mo ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn mẹ́sàn-án ló kú létí omi. Kò sẹ́ni tó lè sọ ti Sẹ̀nàmì fún mi. N kò gbàdúrà. Bí mo bá kúnlẹ̀, àwọn èèyàn tó dúró létí omi yẹn ni mò ń rí. Mo gbà pé Ọlọ́run ti ṣe ohun tí mo ní kó ṣe: ó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò tẹ̀ lé mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Pásítọ̀ wá mi rí. Ó jókòó lórí àpò ìrẹsì tí mo fẹ́ gbé. Ó ní ìjà ti parí, wọ́n ti fa akaja méjèèjì tu, àwọn ará òdìkejì sì ti ń wá sí ìsìn ní mẹ́ta, ní mẹ́rin. Mo bi í pé ta ló ń so ọkọ̀ wọn.

"Oníkálukú ń so tirẹ̀. A ò fi ẹnikẹ́ni sípò yín."

Mo ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀, mo ti fi Ọlọ́run sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, mo mọ̀. Ẹ wá sọ ọjọ́ tí Òun fi yín sílẹ̀ fún mi."

Ó wá sọ fún mi pé Sẹ̀nàmì wà láàyè. Nínú ọkọ̀ mọ́kànlá tí mo gé, omi gbé ọ̀kan sú wọnú eèsún, ọkọ̀ Máutín ni. Ìyá Máutín rí i, ó gbé ọmọ mi sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrọbí ti mú un láìpé oṣù. Àwọn oníbọn tiwa ṣì ń rìn kiri létí eèsún, wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn. Ìyá Máutín mú ìdí okùn tí mo gé, ó fi í há Sẹ̀nàmì lẹ́nu. Sẹ̀nàmì fi eyín dì í mú títí ọmọ fi jáde. Obìnrin ni.

Mo padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo lọ dúró nídìí kùkùté àgbọn, n kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa fún mi lókùn. Ọkọ̀ kìíní kọjá mi, wọ́n so ó fúnra wọn. Èkejì náà kọjá. Ìyá Máutín ló tu ẹ̀kẹta. Sẹ̀nàmì jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, ó kọjú sómi. Ìyá Máutín gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè, ọkọ̀ dúró.

"Bàbá Sẹ̀nàmì, ẹ mọ̀ pé ọmọ mi ò sí mọ́."

Mo ní mo mọ̀.

"Mi ò tíì lè dárí jì yín. Mò ń bẹ Ọlọ́run sí i. Àmọ́ ọkọ̀ ò gbọdọ̀ máa sú lọ." Ó ju okùn náà sí mi.

Àwọn kan ń sọ pé Ọlọ́run ló ní kí n gé okùn kí ọmọ mi lè rí ọkọ̀. N kò gbà. Èèyàn mẹ́sàn-án ni ọ̀bẹ mi há mọ́ etí omi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ní kó má tẹ̀ lé mi, ó sì ti wà nínú eèsún yẹn kí n tó mọ̀ pé ọmọ mi nílò Rẹ̀. Èmi ló yẹsẹ̀. Òun kò yẹ̀.

Sẹ̀nàmì ń kí mi báyìí, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá," kò sọ ju ìyẹn lọ. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fa yanrìn ti lọ. Bí agogo kejì bá lù tí gbogbo wọn wọlé, ọ̀sà a pa rọ́rọ́, àwọn ọkọ̀ a máa fara kanra wọn jẹ́jẹ́. Èmi a dúró díẹ̀, màá yẹ kókó wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Ìyá Máutín ni mo máa ń fi kẹ́yìn. Okùn náà kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú eyín ṣì wà lára rẹ̀, mo ń fi àtàǹpàkò mọ̀ ọ́n. Màá tún un so, kó le, kí n tó wọlé.